Àgbò Tí Mo Fẹ́ Jí Dìde

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Òsì, èmi ni mo máa ń bọ́ àgbò Iléyá wa. Ti ọdún tí mò ń wí yìí, funfun báláú ni. Mo sọ ọ́ ní Àkàndé. Èèpo iṣu ló fẹ́ràn jù, bó bá sì ti gbọ́ ohùn mi, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Tíṣà kan rẹ́ǹtì yàrá ní agboolé wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á máa sọ ìtàn àwọn òrìṣà ìlú yìnyín kan lókè òkun fún wa. Tọ́ọ̀ ló ni àrá níbẹ̀, bíi Ṣàngó tiwa. Òòlù ló fi ń jà, òbúkọ méjì ló ń fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ebi bá pa á, á pa òbúkọ jẹ, á to eegun wọn sórí awọ. Láàárọ̀, á gbé òòlù sókè, wọn á dìde! Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà fọ́ eegun. Ṣùgbọ́n Lókì, ẹlẹ́tàn àárín wọn, tan ọmọ kan, ó fọ́ eegun itan, ó fa mùdùnmúdùn rẹ̀ mu. Bí òbúkọ kan ṣe di arọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ tíṣà gbọ́ nígbà yẹn.

Iléyá dé, wọ́n pa Àkàndé. Mo sunkún, mo sì jẹ ẹran rẹ̀. N ò ní purọ́, ó dùn. Mo wá ń gba eegun kiri ilé. Bọ̀dá Ràímì, àbúrò bàbá mi, fi àtẹ́lẹwọ́ bo eegun itan kó tó fún mi, epo ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ò fọ́ ọ?"

"Èmi kẹ̀? Gbà, jàre!"

Ó ku awọ. A ti sun ti Àkàndé jẹ mọ́ ẹran. Ni mo bá gbé awọ àgbò tí Ìyá Àgbà fi ń kírun, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé, mo to eegun sí i. Mo fi èèpo iṣu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ebi má pa á bó bá jí.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, Ìyá Àgbà figbe ta: "Ta ló gbé awọ ìkírun mi o?" Mo gbé ọmọ odó dípò òòlù, mo sáré sẹ́yìn ilé. N ò tíì gbé e sókè tí mo rí àgbò kan lórí awọ, ó ń jẹ èèpo iṣu. Pupa ni. Mo ní èéfín iná tí wọ́n fi sun ún ló pa á láró. Àmọ́ ó ń tiro!

"Bọ̀dá Ràímì! Ẹ ti sọ Àkàndé di arọ!"

Bọ̀dá jáde, ó rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àgbò. "Ẹ forí jì mí, díẹ̀ ni mo fọ́!"

Ibẹ̀ ni Ìyá Sùúrù, ará ilé kejì, ti bá wa, tòun ti okùn jíjá lọ́wọ́. "Àgbò mi rèé! Òní tó jẹ́ ọjọ́ kejì Iléyá la fẹ́ pa á, ó já okùn, ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Èyí tó ń tiro ò ṣe é fi ṣe Iléyá mọ́." Mo ti dì mọ́ àgbò náà lọ́rùn. Ìyá Sùúrù ju okùn sílẹ̀. "Ó dáa, máa bá mi bọ́ ọ."

Mo fi ọṣẹ dúdú fọ awọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bọ̀dá Ràímì ló pọn omi rẹ̀ láti odò Kúdẹtì. Àkàndé kejì sì pẹ́ láyé.

Lónìí, fírísà ni ẹran Iléyá ń wọ̀, inú fóònù làwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń wo Tọ́ọ̀ àti Lókì. Wọ́n máa ń bi mí pé, "Ìyá Àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í fọ́ eegun itan?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé eyín ni kò sí mọ́.