Túúlu Ìyá Mi

N kì í fẹ́ gbọ́ òórùn àbóníkí rárá. Lánàá, ọkọ mi fi pa orúnkún. Mo já agolo náà gbà, mo sọ ọ́ sí ààtàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ṣì kéré, ní Òkukù. Túúlu máa ń dá ìyá mi dùbúlẹ̀, gbogbo ilé sì mọ ìtọ́jú rẹ̀: wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á fi àbóníkí pa ìyá mi níwájú orí, wọ́n á fi ọ̀já di orí wọn pinpin. Lọ́jọ́ náà, mo gbé omi fún ìyá mi, ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tún gbé e fún wọn, ó tún bọ́. Ẹnu wọn ti wọ́ sí apá kan.

Mo sáré lọ pe ìyá bàbá mi.

"Dákẹ́ ariwo! Ṣé òní ni túúlu ìyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni?" Wọ́n tún ọ̀já náà so, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ọwọ́ wọn ò mú nǹkan mọ́, mà."

"Bọ́ síta!"

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì dúró níwájú ilé wa, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo: "Òṣogbo! Ó ku ẹyọ kan!" Ó lọ, òmíràn dé. Òṣogbo sì ni ọsibítù ńlá wà.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ lè kọlu ẹni tó ní túúlu.

Nígbà tí wọ́n fi máa tú ọ̀já náà nírọ̀lẹ́, ìyá mi ò dáhùn mọ́. Títí dòní, ẹbí wa ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni ikú wọn.

Irọ́! Bọ́ọ̀sì mélòó ni kí Ọlọ́run tún rán sí wa?