Irun Ẹ̀bátí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn aládùúgbò ti fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Onídìrí ni àbúrò mi. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ débi pé àwọn oníbàárà máa ń sùn lọ lórí àga. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, irun ni mò ń bá a fọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, nídìí béésìn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni àbúrò mi bí. Kí-ló-dé là ń pè é, torí àtìgbà tó ti lè sọ̀rọ̀ ló ti ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè. Kí ló dé tí omi gbígbóná fi ń mú irun rọ̀? Kí ló dé tí ọwọ́ ọ̀tún fi ń di òsì nínú dígí? Á sú mi. Màá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kí n ráyè mí, jọ̀ọ́."

Ìgbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ni ẹnu yẹn pa mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ò gba ìbéèrè lẹ́nu ọmọ. Òun ló ń bi wọ́n. Wọ́n á dìde, wọ́n á kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á dáhùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbúrò mi ń dirí fún un, ló bá rí i pé ẹ̀bátí òsì ti pá. Ọmọ náà ló ń fà á tu fúnra rẹ̀ ní kíláàsì, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, tí ẹ̀rù bá ti ń bà á. Ẹni tó ń tún orí gbogbo èèyàn ṣe, kò wá rí irun dì lórí ọmọ tirẹ̀! Ó sunkún títí imú rẹ̀ fi dí. Ó lọ bá olùkọ́, olùkọ́ ní kó yéé kẹ́ ọmọ bà jẹ́. Bó ṣe mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Kò fi í sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, kò gba olùkọ́ sílé. Ó ní kó máa bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ohun tó bá wù ú láti mọ̀ ni ká jọ wádìí.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Èmi ni mo bi í bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ ṣáà máa wò ó."

Mo wò ó lóòótọ́. Ara agolo ìpara ni ọmọ náà ti mọ̀wé kà, torí ó fẹ́ mọ èyí tó máa ń ta àwọn èèyàn lórí. Irun ẹ̀bátí yẹn sì hù padà. Ó kọ́kọ́ rí múlọ́múlọ́ bíi ti ọmọ ọwọ́, nígbà tó yá ó gùn tó dídì. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ rí i dì, ijó ló ń jó, tí oníbàárà tó wà lórí àga ń pariwo pé, "Èmi ńkọ́?"

Àmọ́ ẹni tó bá jókòó dirí kì í níṣẹ́ méjì ju ẹnu lọ. "Ọmọ yìí ò lọ sílé ẹ̀kọ́ ni?" Tí àbúrò mi bá ti ṣàlàyé, wọ́n á wo ọmọ nínú dígí, ìdánwò á bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan bi í léèrè bí òṣùpá ṣe jìnnà tó. Mo ní kí òun náà sọ ọ́ fún wa. Ó ní òun ò mọ̀, òun kàn ń dán an wò ni. Ẹ gbọ́ ná! Àbúrò mi ò lè bínú sí wọn, lára wọn la ti ń jẹun. Tá a bá délé, á wá jókòó tì mí. "Àǹtí mi, tó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n gba tiwọn ńkọ́? Tí mo bá ti ba ayé ọmọ mi jẹ́ ńkọ́?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá dá kún un. Ọkọ ní ohun tí ìyàwó òun bá ṣe lòun fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀ láé. Lọ́jọ́ kan, Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó sáàárín àwọn oníbàárà, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mi ò wá jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi ò ní di púrúǹtù lójú mi."

Kí-ló-dé wà nílẹ̀, ó ń fi òòyà gbo irun ara rẹ̀, ó ń wo bí òòyà náà ṣe ń fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra. Àbúrò mi mú agolo ìpara kan, ó nà án sí i. "Wá ka ara èyí fún Màmá."

Kò sọ irú ẹ̀ rí. Ọmọ náà gbé òòyà sílẹ̀, ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àbúrò mi tún bi í pé, "Méje lọ́nà mẹ́jọ?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mà."

Àtẹ́wọ́ sọ. Màmá gbá a mọ́ra. "Ẹ̀hẹ́n! Ẹ máa bi í bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́!"

Lójoojúmọ́ náà ni àbúrò mi sì ń bi í. Kó tó jẹun, kó tó wẹ̀, ìbéèrè. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Nídìí béésìn tèmi náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní kí ló dé mọ́. Èmi òmùgọ̀, mò ń gbádùn ìsinmi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ náà jókòó sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀, wọ́n ń tú irun. Òòyà dúró. Àbúrò mi fi orí pè mí. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀bátí òsì. Ó ti ń pá.

"Ọmọ mi, kí ló dé?" Mo rọra bi í.

"Kò sí nǹkan, mà."

Àbúrò mi gbójú sókè sí mi, omi ti kún un. "Àǹtí mi, ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti mú un wá sílé. Láti ilé, níbo ni kí n tún mú un lọ?"

Èmi ló ń bi, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn rò pé òun ni. Ó dìde láàárín orúnkún ìyá rẹ̀, ìdajì orí ní títú, ìdajì ní dídì. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà," ló wí.