Ọkọ̀ Tí Kàmọ́rù Ò Wo Abẹ́ Rẹ̀

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ ní Ìkòròdú nígbà yẹn, Kàmọ́rù panẹbítà ní Ìtamàgà lẹ máa mú dání. Kì í wo ọ̀dà, kì í gbọ́ ẹnu ẹni tó ń tajà. Á yọ mágínẹ́ẹ̀tì lápò, á fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́dí-fílà ni wọ́n fi dí ihò ìpẹtà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, á tẹ́ páálí sílẹ̀, á wọ abẹ́ ọkọ̀, á máa fi sukudiráfà gún férémù.

Èmi ni mo ń kun ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ti gbọ́ tó sọ fún àgbàlagbà pé, "Ẹ má bínú o, pàǹtí lẹ fẹ́ tà fún wa yìí." Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé: Mustang, ọkọ̀ Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń bú ramúramù. Lọ́dún 2006, ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, Alàájì Tìrìmísíyù ní Ẹ̀pẹ́, ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ta tàwọn. Ká tó wí ká tó fọ̀, Kàmọ́rù ti ta ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní! Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

A jọ lọ. Ọkọ̀ pupa fòò, ó ń dán, ṣùgbọ́n àgbàlá náà ò jìnnà sí ọ̀sà, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù látọdún dọ́dún. Alàájì jókòó sórí àga. Kàmọ́rù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan. Mo na páálí sí i, ó gbá a dànù.

"Lójú ọ̀gá mi?" Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Àwọn tí wọ́n fún mi ní fírídọ́ọ̀mù? Kí n wá máa gún ọkọ̀ wọn wò bíi ti olè?"

Inú bí mi, mo sì panu mọ́. Títí dòní ni mò ń bú ara mi.

Ó sanwó, a wa ọkọ̀ náà forí lé ilé, a ò tíì kọjá Ìtóìkín tí férémù fi ṣẹ́. Abẹ́ ọkọ̀ já, mo ń wo títì láàárín ẹsẹ̀ mi. Bọ́dí-fílà àti páànù òrùlé ni gbogbo rẹ̀! Kàmọ́rù jókòó sẹ́bàá títì, ó ń sunkún. Ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún!

Nígbà tá a padà lọ bá Alàájì, owó ilẹ̀ ti wọ ọsibítù tán, nítorí ojú wọn. Iṣẹ́ abẹ náà ò sì yọrí.

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí n ò ríran dáadáa," ni wọ́n wí. "Wẹ́dà kan ló bá mi ṣe abẹ́ ẹ̀, n ò lè mọ ohun tó ṣe. Ìwọ ni mò ń retí kó o wọ abẹ́ ẹ̀, kó o bá mi wò ó. Nígbà tó ò sọ nǹkan kan, mo ní ó dáa nìyẹn. Ta ni mo tún fẹ́ gbà gbọ́ ju ìwọ tí mo kọ́ lọ?"

Géètì ilé-iṣẹ́ kan ni Kàmọ́rù ń ṣọ́ báyìí. Àwọn èèyàn ṣì ń wá bá a níbẹ̀ pé kó wá bá àwọn wo ọkọ̀. Á ní òun ò mọ ọkọ̀ wò.