Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Lọ́kọ́jà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi dé ibùdókọ̀ Kábà, kọ́kọ́rọ́ kan nínú àpò agbádá mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ni owó ilé ti ń gòkè bí èéfín, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi pinnu láti kọ́ ilé mẹ́wàá fún ara wa. Ọ̀kan ṣoṣo la ti parí. Èmi ni mo dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, èmi ni kọ́kọ́rọ́ sì kàn. Bí a ti ń pín ẹran náà nìyẹn, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹgbẹ́ wá ní kí n lọ sí Lọ́kọ́jà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ irú wa bí a ti ń ṣàkóso ilé tí a ń gbé.

"Okun o, Bàbá," awakọ̀ kí mi. "Ogún náírà ni."

"Okun. Ṣebí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni?"

"Nígbà yẹn, Lọ́kọ́jà kò tíì di olú ìlú."

"Ṣé ọkọ̀ tìrẹ náà ti wá di gómìnà ni?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, mo sì san ogún náírà. Títí dé Ọbájánà, bí kòtò bá pè, gegele a dáhùn. Oòrùn ti yọ dáadáa kí a tó rí odò Ọya. Mo ra màsà mẹ́rin ní náírà méjì, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n dín bí àkàrà. Ó dùn díẹ̀, àmọ́ ikùn tó mọ iyán kò kà á sí oúnjẹ.

Àmínà ni orúkọ olùkọ́ wa, ọmọ Ígálà tó kàwé ní Ìlọrin, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó kọ́ wa bí a ti ń parí ìjà aládùúgbò àti bí a ti ń múra sílẹ̀ de òrùlé tí yóò jò lọ́la. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba dìde. Ó ní apá àwa ará ilé kò lè ká àbójútó ilé. Kí a kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, òun yóò yan alábòójútó fún wa.

Ojú mi pọ́n. "Ọmọ mi, ọwọ́ tó po amọ̀ ilé, ṣé kọ́kọ́rọ́ ló wá wúwo jù fún un? A kò ní kó o sílẹ̀."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àmínà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ta wá ni kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ kàn?"

"Èmi. Àgbà ni mí."

"Tí ẹ bá ń ṣe àáró, ṣé oko àgbà lẹ kọ́kọ́ ń ro?"

"Rárá o! Oko tí koríko fẹ́ pa ni."

  Fúnmiláyọ̀ aránṣọ sọ sí mi lọ́kàn, òun àti ọmọ mẹ́ta nínú yàrá háyà kan tí ìjì ti ká ìdajì òrùlé rẹ̀ lọ. Òun ló kéré jù nínú ẹgbẹ́ wa, ìdí nìyẹn tí a fi fi í sí ìparí.

Ọ̀gá náà ti gbọ́. "Bàbá, ẹ ò rí i? Ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ẹni tó ṣìnà kì í ṣe arọ," ni mo fi dá a lóhùn. "Yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà. Kọ́kọ́rọ́ ń bá mi lọ sílé."

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Tólú, tó tẹ̀lé mi lọ́jọ́ orí nínú ẹgbẹ́, pàdé mi ní ibùdókọ̀ Kábà. Mo ròyìn fún un, mo ní Fúnmiláyọ̀ ni mo fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ fún.

"Ṣé orí rẹ pé? Bí o bá yẹ̀, ṣebí èmi ló kàn!"

"Bí koríko bá ń pa oko tìrẹ, wí."

"Wọ́n á ní ọmọdé gba ilé lọ́wọ́ wa."

"Kí wọ́n máa wí. Ilé tèmi ni mo fi sílẹ̀. Ètò ilé mẹ́sàn-án tó kù, ìpàdé ni yóò tún un tò, mo sì ń bọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu mi."

Nínú yàrá háyà rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ kúnlẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́. "Bàbá, ẹ̀yin náà ń kọ́?"

"Òrùlé tèmi kò jò. Dìde, kó ẹrù rẹ kí òjò tó dé."

Ohun tí mo lọ kọ́ ní Lọ́kọ́jà, Kábà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìrìn náà ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Bí ọ̀gá náà bá sì wá béèrè kọ́kọ́rọ́, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn Fúnmiláyọ̀. Yóò bá a nílé.