Dírẹ́bà Tí Láptọ́ọ̀pù Wa Ń Wá

Ọdún tí mo parí ilé ìwé girama, tí yunifásítì kankan ò tíì gbọ́ pé ẹni bíi tèmi wà láyé, mo fi ara mi jẹ oyè Ẹnjiníà. Àbúrò màmá mi tó ń gbé n'Íbàdàn ló fi láptọ́ọ̀pù àlòkù kan ránṣẹ́ sí wa ní Onitsha. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan tó máa ń ná ọ̀nà yẹn ló bá wa gbé e wá. Nígbà tó sì jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án nínú ilé wa ní Odoakpu, oyè kàn mí nìyẹn. Gbogbo kọ́ńpáǹdì ló bá mi gbé e. Ìyá ìbejì tó ń gbé yàrá kejì sí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mama Ejima, kì í kí mi lásán mọ́.

"Engineer, kedu?"

Àyà mi á yọ síwájú bíi ti àkùkọ tó rí adìyẹ tuntun.

Láptọ́ọ̀pù yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wàhálà mi sì nìyẹn, torí ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í fún ẹnjiníà níṣẹ́. Mo bá lọ gba Wíńdò tuntun, ètò tí láptọ́ọ̀pù fi ń ṣiṣẹ́, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Fegge, mo pa ti àtijọ́ rẹ́, mo gbé tuntun sí i. Ojú ẹ̀ wá ń dán gbinrin. Mo pe gbogbo ilé wá wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹrí ba bí ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo bí Wíńdò.

Tèlọ̀ ni màmá mi. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá kan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ńlá kan ní Fegge ń wá ẹni tó máa rán aṣọ fún gbogbo akọrin. Àwọn tèlọ̀ tó fẹ́ iṣẹ́ náà pọ̀. Ìyá náà sọ fún màmá mi pé kí wọ́n mú àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, kí òun fi ojú ara òun rí i. Màmá mi ò láwòrán kankan àfi ti aṣọ ìyàwó kan àti tàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Èmi ni mo ya á, pẹ̀lú kámẹ́rà tí a yá. A ti dá kámẹ́rà padà, ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti kó aṣọ wọn lọ sí abúlé. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ò ju mẹ́mórì káàdì kan tó tó èékánná lọ, tí màmá mi fi àjákù ańkárá wé sínú pọ́ọ̀sì.

"Ẹnjiníà," wọ́n ní, "ṣí àwòrán yẹn, jẹ́ n rí i."

Mo ti káàdì bọ ihò ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù. Kò fọhùn. Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu ún. Mo gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀. Mama Ejima yọjú lójú wíńdò.

"Engineer, you dey repair am abi you dey bath am?"

Mo dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ìwádìí ni. Mo ṣí ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ń ka gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀, mo sì rí àmì pupa rúsúrúsú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn. Ihò tó wà lára ẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí! Nígbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Wíńdò tuntun tí mo fi ń ṣe fáàrí ò bá ihò yẹn ṣe. Àtijọ́ tí mo pa rẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Kí ló wí?" màmá mi bi mí látorí maṣíìnì ìránṣọ.

"Ó ní òun ò rí dírẹ́bà."

Maṣíìnì dúró. "Dírẹ́bà wo?"

"Dírẹ́bà ẹ̀ ni, Mọ́mì. Òun ló yẹ kó jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù àti ihò yẹn gbọ́ra wọn yé. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo ṣì ń wá Yorùbá tí mo máa fi ṣàlàyé pé irú dírẹ́bà yìí kì í wa mọ́tò, ni màmá mi ti gbé fóònù sétí.

"Dírẹ́bà! Kí lo yọ nínú ẹrù mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́. "Mọ́mì, kì í ṣe òun o!"

"Dákẹ́! Láptọ́ọ̀pù dárúkọ ẹ̀!"

Wọ́n ti tẹ fóònù síta, gbogbo wa ló ń gbóhùn ọkùnrin yẹn. "Màmá Tèlọ̀, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò jalè! Páálí yín ló ya lọ́nà. Nǹkan pẹlẹbẹ kan bọ́ sílẹ̀, ó ń dán yinrin, ó nihò láàárín. Mo rò pé ìdọ̀tí páálí ni. Mo fi kọ́ dígí mọ́tò mi."

Ẹnu mi ò lè padé. Síídì! Síídì tí wọ́n kó gbogbo dírẹ́bà láptọ́ọ̀pù yẹn sí ni bàbá yìí fi ṣe ọ̀ṣọ́ mọ́tò.

"Mọ́mì," mo ní, "dírẹ́bà wà lọ́wọ́ dírẹ́bà."

"Kí ni mo ti ń sọ látàárọ̀?"

Ọjọ́ Sátidé ni bọ́ọ̀sì máa tó padà dé. Mo ní kí a gbé káàdì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà òdìkejì títì, màmá mi kọ̀ jálẹ̀. Àǹtí tó ni ibẹ̀ àti tèlọ̀ kan tóun náà ń wá iṣẹ́ akọrin yìí, inú kan náà ló bí wọn. "Kí n fọwọ́ ara mi gbé sítáì mi fún wọn?" Èmi náà ò wá fẹ́ jókòó lásán. Mo lọ sí kafé kan ní Woliwo, mo wa dírẹ́bà mìíràn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sínú láptọ́ọ̀pù. Ihò ò ṣí, ohùn wá lọ. Ẹ̀rọ tó fọ́jú tẹ́lẹ̀, mo tún sọ ọ́ di odi.

"Má fọwọ́ kàn án mọ́," màmá mi ní. "Bó o bá tún tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó sìnkú ẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, a bá bọ́ọ̀sì ní páàkì. Síídì wa ń fì dirodiro níwájú dígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọmọ ọwọ́ kan. Dírẹ́bà kọ̀, kò fẹ́ yọ ọ́.

"Màmá Tèlọ̀, látìgbà tí nǹkan yìí ti wà níbẹ̀, ọlọ́pàá ò dá mi dúró mọ́. Ó ń ta sí wọn lójú."

Màmá mi ò bá a jà. Wọ́n ki ọwọ́ bọ báàgì, wọ́n yọ síídì orin ìjọ wa kan tó ti họ, tí kì í kọrin mọ́. "Wò ó, èyí dán ju tìẹ lọ. Orin Ọlọ́run tún wà nínú ẹ̀."

Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Òótọ́ ni o."

Bí a ṣe délé, mo ki síídì bọ láptọ́ọ̀pù. Ó kérora bíi bàbá arúgbó tó ń dìde lórí ẹní. Ohùn ló kọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn náà ni mo ti káàdì bọ ihò, àwòrán sì yọ. Gbogbo kọ́ńpáǹdì hó yèè. Mo dìde, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, mo ń retí kí wọ́n kí mi.

Mo ṣí àwòrán àkọ́kọ́. Ojú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ni, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìkejì, ọmọbìnrin yẹn náà ni. Ìkẹta, ó wo ẹ̀gbẹ́. Ká sọ tòótọ́, ọmọ náà rẹwà.

"Aṣọ dà?" màmá mi béèrè.

Mo ń ṣí i lọ. Ojú, eyín, ojú. Èyí tó dáa jù nínú gbogbo ẹ̀, àyà ló ti gé.

"Ẹnjiníà, mo ní aṣọ dà?"

Mama Ejima ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n mí. "Ewoo! Tailor send am make e snap cloth, e go snap wife!"

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pa láptọ́ọ̀pù dé jẹ́ẹ́, wọ́n sì padà sídìí maṣíìnì láìbá mi sọ̀rọ̀. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn jù.

Síbẹ̀, a gbé e lọ lọ́jọ́ Sunday, torí kò sí òmíràn. Olórí akọrin fi gíláàsì sójú, ó ń wo àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ gbólóhùn tí mo máa fi bẹ màmá mi bí a bá délé. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà fi ìka kan ibì kan, ó sì fi Ígbò bi màmá mi pé, ta ló rán ọrùn aṣọ wọ̀nyí?

"Èmi ni, Ma."

"Gbogbo tèlọ̀ tó wá, àwòrán ẹsẹ̀ aṣọ ni wọ́n kó wá fún mi," ìyá náà ní. "Àwọn ọmọ mi máa ń dúró sẹ́yìn pákó tó bò wọ́n dé àyà. Ọrùn nìkan ni ìjọ ń rí. Ọrùn tèlọ̀ tó rán ti tẹ́lẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu àpò gàrí. Ìwọ ni mo fẹ́ kó rán an."

Bí a ṣe jáde ni àyà mi tún yọ síwájú. "Mọ́mì, ẹ rí i pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ya ọrùn..."

"Gbé láptọ́ọ̀pù yẹn dáadáa."

Oyè Ẹnjiníà bọ́ lórí mi lọ́sẹ̀ yẹn. Bí fáànù bá kọṣẹ́ nínú kọ́ńpáǹdì, wọ́n á ní, "Ẹ pe dírẹ́bà!" Photo Neck ni Mama Ejima ń pè mí. Màmá mi ní tiwọn ò pè mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn mú àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, wọ́n ní kí n jókòó. Títí aṣọ akọrin fi parí, gbogbo kọ́là tí wọ́n bá gé, ọrùn mi ni wọ́n fi ń wọ̀n.