Ìrẹsì Kọjá, Bàbá Ọmọ Kò Lè Kọjá

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, ọkùnrin tó fún mi lóyún wà ní Kútọnù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ra ìrẹsì níbẹ̀, kó sì máa kó o wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ tí gbogbo Ihunbo, ìlú wa létí bọ́dà, mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ lójú aṣọ́bodè. A kò tíì ṣègbéyàwó. Ó ti sọ fún àwọn òbí mi pé òun máa mú ẹbí òun wá mọ̀ wọ́n, ó sì ń sọ ọ́ títí ikùn mi fi yọ sóde. Tíṣà ni mí, bàbá mi sì jẹ́ àgbẹ̀ àti alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí n máa jókòó sẹ́yìn, àfi bí ẹni pé ohùn mi ló lóyún.

Bí oyún náà ṣe ń dàgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn sí i lórí fóònù. "Ìyàwó mi, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹ. Bọ́dà ni ò jẹ́. Ṣọ́jà ni wọ́n kó dà sójú ọ̀nà, eṣinṣin ò lè kọjá." Màmá mi ní kí n ní sùúrù, pé ṣé mo fẹ́ kí wọ́n yìnbọn pa bàbá ọmọ mi ni. Mo ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ń dé ọjà wa, òróró ń dé, tòlótòló inú yìnyín náà ń dé. Gbogbo ohun tí kò lẹ́sẹ̀ ló ń rí ọ̀nà gbà, ẹni tí Ọlọ́run fún lẹ́sẹ̀ méjì ni ọ̀nà dí mọ́.

Nígbà tí mo fi máa bímọ, ìjọba ti ní kí ilé epo tó bá súnmọ́ bọ́dà má ta epo mọ́. Ọlọ́kadà tó yẹ kó gbé mi kàn jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń fi ìka kan táńkì òfo. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé ìwòsàn. Màmá mi dì mí lápá mú, mo sì ń bú gbogbo ìjọba láti Ìdìrókò títí dé Àbújá. Mi ò bú ọkùnrin náà. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn.

Obìnrin ni mo bí. Ní ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé, "Ẹ bá mi kí ọmọ."

Nígbà tó yá, èmi àti Màmá mi gbé ọmọ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tó lo ìgò ojú. Ó bi mí ní orúkọ bàbá ọmọ, mo dá a lóhùn.

"Ọkọ yín ni?"

"Rárá, mà."

Ó gbé bírò rẹ̀ kúrò lórí ìwé. "Bí ẹ ò bá tíì fẹ́ra yín, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan kọ orúkọ rẹ̀. Òfin ní kí ẹ jọ wá ni. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun bí i, kí ẹ̀yin méjèèjì sì buwọ́ lù ú."

Màmá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Sọ pé ọkọ ẹ ni. Ta ló máa lọ wádìí?"

Mi ò lè sọ ọ́. Òótọ́ ni bàbá mi fi tọ́ mi. Inú sì ń bí mi pẹ̀lú. Kí ló dé tí màá fi parọ́ fẹ́ ẹni tó wà láyé, tó ń jẹun, tó sì mọ ọ̀nà ilé wa? Akọ̀wé fa ìlà gbọọrọ síbi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà, ó ní ọjọ́ tó bá dé, kí n mú un wá. Màmá mi sunkún títí a fi délé. Ó ń bẹ̀rù ọjọ́ tí wọ́n á bi ọmọ náà léèrè bàbá rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, èmi tí mo sì ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀: kí ọkùnrin náà wá, kó buwọ́ lùwé, kí ọmọ mi ní bàbá tí ẹni tó mọ̀wé lè kà.

Ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ kí bọ́dà tó ṣí. Bó ṣe ṣí ni ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fín lọ́fínńdà, ó gbé páálí bísíkíìtì kan dání, ó ń kí wa ní Faransé. Màmá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ka iwájú wọn, ojú rẹ̀ ń dán. Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn wá mú ọmọ àwọn lọ sí Kútọnù, pé ìgbéyàwó wà o, kò sí o, bàbá ló lọmọ.

Bàbá mi mi orí. "Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè yọ ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan kúrò lára ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àbúrò yín lè bọ́ ọ báyìí? Bọ́dà tó tì látọjọ́ yìí ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ọkùnrin mi ti dìde dúró. "Bàbá, ẹ má fojú kékeré wò mí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sunkún bọ́dà, èmi ò jókòó lásán rí. Èmi fúnra mi ni mò ń tẹ̀lé ọjà mi wọlé. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an là ń gbà kọjá. Epo ò fìgbà kan tán nínú ọ̀kadà wa."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń nawọ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ lè ka ìlédìí ọmọ tí a sá sórí okùn nílé wa. Bàbá mi ń wo ilé ẹ̀kọ́ náà láti ojú fèrèsé bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọkùnrin mi ò gbọ́, ó ṣì ń ka iye ìrìn tó rìn. Màmá mi dìde, ó kó ìgò ọtí tí wọ́n ti mu dé ìdajì, ó kó ife, ó wọlé lọ. A gbọ́ bó ṣe ń dà á sí gọ́tà.

Ó dùn mí wọra. Mo fẹ́ lé e jáde tòun ti páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti lọ dúró ní orúnkún rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan aago ọwọ́ rẹ̀, kò sì sá fún un. Mo gbé ìbínú mi mì. Mo ní ọmọ ò lọ sí Kútọnù, ṣùgbọ́n kó wá ní ọjọ́ Ajé ká jọ lọ buwọ́ lùwé, tó bá ti di bàbá níbẹ̀, a lè wá sọ ìyókù.

"Ìyẹn nìkan?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ Ajé, mo ti débẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, mo wọ léèsì, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì náà láti àárọ̀. Akọ̀wé onígò ojú náà dá mi mọ̀, ó ti ṣí ìwé sílẹ̀. Oòrùn ti ràn dé orí bẹ́ǹṣì kí fóònù mi tó dún.

"Ìyàwó mi, má bínú. Bọ́dà ti ṣí báyìí, iṣẹ́ ti pọ̀ ju ara lọ. Ṣé wọn ò lè kàn bá ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Akọ̀wé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pa ìwé rẹ̀ dé.

Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi délé, ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ Kérésìmesì rẹ̀. Màmá mi, tó da ọtí nù lọ́jọ́ ọ̀hún, ló wọ̀ ọ́ fún un, ó ní mo lọ mú dádì wá. Ọmọ náà wo ẹ̀yìn mi, ó tún yí lọ wo ẹ̀yìn ọlọ́kadà.

"Dádì dà?"

Èmi tí mi ò lè parọ́ níwájú akọ̀wé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé e mọ́ra.

"Wọ́n ti ti bọ́dà," ni mo sọ fún un.