Alùpùpù Tí Mo Gbé Kalẹ̀

Mo ṣì rántí ọ̀sán ọjọ́ tí bàbá mi ṣubú pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Àwọn èèyàn sáré gbé e dìde, òun náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó kàn wù ú kó jókòó sílẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójúgun rẹ̀. Èmi wà nílé ní Ọ̀yọ́ nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba ìsinmi, mo sì wà lára àwọn tó sáré débẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun ni kò tólẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba bàbá rẹ̀ gbọ́?

Alùpùpù náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn. Tòkunbọ̀ ni, ó sanra, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìwo màlúù. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló yẹ kó sún mọ́, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti ki sípíríìngì gíga bọ̀ ọ́ nídìí, ó sì ti fi fóòmù kún ìjókòó rẹ̀ nítorí ọ̀nà oko. Bàbá mi kò sì ga. Oníṣẹ́ awọ ni, ó ń rán báàgì àti bàtà, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé bó bá fẹ́ gun alùpùpù rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wá òkúta tó máa dúró lé.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ náà, ó pè mí, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

“Ó ti tó kí á gbé máṣíìnì yìí kalẹ̀. Orúnkún mi ti ń kọ̀ ọ́. Máa gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.”

“Ṣé kí á gbé e kalẹ̀ lóòótọ́, Bàbá?”

“Mo ní kó o máa gbé e lọ.”

Ó yíjú padà sí awọ tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dún létí mi. Ní Under G, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni “gbé e kalẹ̀” ní lẹ́nu àwa tí ọ̀rọ̀ alùpùpù ń pa bí ọtí. Kí á sọ ọ́ di kúkúrú ni, kí ìdí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, bí irú àwọn tí à ń wò lórí fóònù. Inú mi dùn kọjá ààlà. Bàbá mi, tó gbà pé ọ̀lẹ ni fóònù ń sọ ọmọ èèyàn dà, ló wá ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé alùpùpù kalẹ̀! Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, mo sì ti gbà nínú ara mi pé ọgbọ́n tèmi ló kù tí wọ́n ń retí.

Owó kò sí, nítorí náà ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti dànù ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Wẹ́dà kan wà lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó máa ń kọrin ìjọ bó bá ń jó irin. Òun ló fún mi ní irin pẹlẹbẹ méjì. A lu ihò sí wọn, a fi wọ́n yí ibi tí sípíríìngì ẹ̀yìn ti di ara mú padà, ìdí alùpùpù náà sì wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Níwájú, mo tú bóòtù tó di ọ̀pá méjèèjì mú, mo ti àwọn ọ̀pá náà gòkè díẹ̀, mo sì dè wọ́n padà. Mo fi ọ̀bẹ tí a fi ń gé búrẹ́dì gé fóòmù ìjókòó, mo sì gé díẹ̀ lára fóòmù tí èmi fúnra mi ń sùn lé láti fi tún un tẹ́, èyí tó mú kí n máa sùn sínú kòtò títí sáà yẹn fi parí. Páìpù omi tó ti dògbólógbòó ni a fi fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kí bàbá mi má baà máa nàgà. Mo ra awọ tí kò wọ́n ní Ọjà Igbó, mo jókòó tì í bí ọmọ oníṣẹ́ awọ, mo fi ọwọ́ mi rán an.

Ibi tí mo ti gọ̀ ni ẹsẹ̀ ìdúró. Alùpùpù ti kúrú, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e dúró kò kúrú, mi ò sì rò ó. Mo gbé e dúró síwájú ìyá tó ń dín àkàrà, mo sì fìgbéraga yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ó rọra yẹ̀ sí òdìkejì, ó gbé garawa omi ìyá náà lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ ìyá náà kó tó tún tà fún mi. Wẹ́dà gé ẹsẹ̀ ìdúró kúrú, ó ní kí n máa dúpẹ́ pé omi ni, pé kì í ṣe epo gbígbóná.

Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ bàbá mi tólẹ̀ dáadáa, kó má tún ṣubú mọ́. Ohun tí mo ń lé kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó, mi ò sì fẹ́ kó mọ ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Mo pe ìyá mi pé kó fi ògbólógbòó ṣòkòtò bàbá mi kan ránṣẹ́.

“Kí lo fẹ́ fi ṣòkòtò bàbá ẹ ṣe?”

“Màámi, ẹ ṣáà bá mi fi rán awakọ̀.”

“Búra fún mi pé kì í ṣe nǹkan burúkú.”

“Wàláhì, Màámi.”

Ó fi ránṣẹ́, ó sì di ìwé àdúrà kan mọ́ ọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo gun alùpùpù náà wọ Ọ̀yọ́, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Bàbá mi jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí lo gbé e padà wá ṣe?”

“Mo ti gbé e kalẹ̀, Bàbá.”

Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ ojú ìránṣọ ìjókòó náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. “Ìwọ lo rán an?” Mo ní èmi ni. “Abẹ́rẹ́ ẹ jìnnà síra.” Lẹ́yìn náà ó gùn ún, kò wá òkúta kankan. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí, kò ṣíná sí i. Ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ lérí. Mo ń retí ẹ̀rín, mo ń retí pé kí ẹnì kan pariwo. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Nígbà tó yá, bàbá mi ní, “O káre. Ọlọ́un á san ẹ́ lẹ́san.” Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tí wọ́n fi ń kí aláìsàn.

Láti ìgbà náà ló ti ń gùn ún. Èyí tó tún wá rú mi lójú ni ìyá mi. Bí bàbá bá ti jáde nílé, yóò pè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́: “Bàbá ẹ ti gbé máṣíìnì jáde o.” Bó bá dé, yóò tún pè: “Ó ti dé, àlùhàmúdùlílàhì.” Mo bi í pé ṣé alùpùpù náà ń yọ wọ́n lẹ́nu ni. Ó ní rárá. Mo bi í pé ṣé inú bàbá ò dùn sí i ni. Ó ní inú rẹ̀ dùn. Kí wá ni mo fẹ́ fi ìròyìn náà ṣe? Mo rò pé àgbà ló ń dé sí i.

Nígbà tí mo tún lọ sílé, mo ní kí bàbá mi gbé mi dé ìsọ̀ rẹ̀ l'Ákẹ̀sán, kí n lè fojú ara mi rí bó ṣe ń gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. A ò tíì lọ jìnnà tó ti ń béèrè pé kí nìyẹn níwájú. Mo ní ọmọlanke ni. “Ṣé ó dúró ni àbí ó ń lọ?” Mo rò pé eré ló ń bá mi ṣe. Mo ní ó dúró, ó sì yà fún un. Nígbà tí a sún mọ́ ọjà, ìyá arúgbó kan ń sọdá pẹ̀lú igbá lórí, àárín ọ̀nà gan-an ló wà. Mo rí i. Mo dúró de bàbá mi pé kó dẹwọ́. Kò dẹwọ́. “Bàbá! Ìyá àgbà!” Mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, òun náà tẹ búréèkì, bàtà mi já, a sì dúró níbi tí mo ti lè nawọ́ kan igbá náà.

“Ẹ ò ríran ni?” Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì di igbá rẹ̀ mú.

“Ẹ má bínú, ìyá,” ni bàbá mi wí. “N ò ríran.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mo sì gun alùpùpù náà padà sílé, òun lẹ́yìn. Nígbà tí a délé, mo bá ìyá mi nídìí ìdáná, mo sì bi í léèrè. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí ojú bàbá mi ti ń ṣú. Ọjọ́ tó ṣubú, òkìtì yanrìn ni kò rí, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀.

“Ó ní òun ò gùn ún mọ́, òun ti gbé e kalẹ̀, òun ti fún ọmọ òun. Ìwọ wá gbé e padà wá, o ti gé e bá ẹsẹ̀ ẹ̀ mu.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ. Ó ní ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan fún òun, ta ló máa sọ fún un pé òun ò fẹ́?”

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ó dénú mi lóòótọ́, ó sì di odindi, àmọ́ odindi ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ojú tì mí. Ẹ̀rù tún wá bà mí lẹ́yìn náà, nítorí gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń sùn ní Under G pẹ̀lú ìdùnnú ni bàbá mi fi ń gun ohun tí mo ṣe kiri ìlú, tí kò rí iwájú, kí inú èmi má baà bàjẹ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ojú náà kò padà wá, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kò gun alùpùpù mọ́. Èmi ni mo ń lò ó, bí mo bá sì wà nílé, mo máa ń fi gbé bàbá mi lọ kí Jímọ̀ọ̀. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tó fi gùn ún ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo ti múra sílẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ó ní, “Ó rọ̀ mí lọ́rùn.” Mo ti yí ọ̀rọ̀ náà síwá-sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé nítorí mi ló ṣe fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó sì lè jẹ́ pé ó ti ń wá ẹni tí yóò fún un ní àwáwí, kó tún lè gun ọ̀nà díẹ̀ sí i, kí èmi sì wá jẹ́ àwáwí náà. Bí mo bá gba ti àkọ́kọ́, oorun kì í kùn mí. Bí mo bá gba ti èkejì, ó ń dà bíi pé mo ń dá ara mi láre.

Jímọ̀ọ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń bọ̀ láti mọ́sáláásí, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó bi mí bóyá ọ̀nà dá. Mo ní ó dá. Ó ní, “Sáré díẹ̀.” Mo sáré díẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn, nítorí náà mi ò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín.